Mẹ̀sí Ọlọ́yẹ́ Tó Ti Darúgbó: Ìtàn Ìtọ́jú Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì ní Kétu àti Owódé Onírin

Ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè Yorùbá ló fi ohun tí àwọn tó ni èdè náà kà sí ọlá nínú ọkọ̀ hàn. Èkíní ni ayọ́kẹ́lẹ́, ìyẹn ohun tí ń yọ́ lọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí kì í pariwo bíi bọ́lẹ̀kájà tàbí ọkọ̀ akẹ́rù. Èkejì ni Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́, ọkọ̀ Mercedes-Benz tí ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ ń fẹ́ bí ẹni pé ọyẹ́ dé láàárín oṣù Kẹta. Ìdákẹ́rọ́rọ́ àti òtútù ni orúkọ méjèèjì ń yìn. Kò sí eré sísá nínú wọn, kò sì sí agbára ẹ́ńjìnì. Etí àti awọ ara ni àwọn tó sọ ọkọ̀ náà lórúkọ fi wọ̀n ọ́n. Ohun méjèèjì yìí gan-an sì ni ogbó máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ọkọ̀: rọ́bà á le, á sì sán, gáàsì amúlétutù á jò lọ díẹ̀díẹ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í kan irin.

Iṣẹ́ yìí ń tọpa ìgbésí ayé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ní Kétu, Ìkòsì, Máìlì 12 àti Owódé Onírin, láti ìgbà tí ó jẹ́ ọkọ̀ ẹni tí kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì títí dé ìgbà tí ẹni tó ni ín di alátùn-únṣe rẹ̀. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ àtúnṣe tó jẹ́ kí Mẹ̀sí àtijọ́ máa rìn títí di òní, orúkọ méjèèjì yẹn ni wọ́n fi san owó rẹ̀.

Àga ẹ̀yìn

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, tí ó bọ́ sápá ọ̀tún. Láti ìgbà náà ni dírẹ́bà ti ń jókòó sọ́wọ́ òsì, tí àga ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún sì di ti olówó ọkọ̀, èyí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Èkó ń pè ní owner's corner. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kì í sábà mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Dírẹ́bà ló ń fọ ọkọ̀, òun ló ń wo omi àti ọ́ìlì. Ilé iṣẹ́ Leventis, aṣojú Mercedes-Benz ní Nàìjíríà lásìkò náà, ló ń tún un ṣe. Owó epo rọ̀bì wà nílùú. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ Udoji ti ọdún 1974 fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, owó àjẹẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì san lápapọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ọlọ́kọ̀. Lọ́dún 1975 kan náà ni ìwé ìtàn àròsọ Nkem Nwankwo, My Mercedes Is Bigger Than Yours, jáde. Àkọlé rẹ̀ nìkan ti tó ẹ̀rí ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ náà bá ara wọn dù.

Ìjọba ológun àkókò náà gbìyànjú láti bẹ́gi dínà àṣehàn yìí, tí àwọn aláṣẹ fi bọ́ sínú Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti ọdún 1975. Ọ̀kan nínú àwọn Mercedes ìgbà náà ṣì wà ní Mùsíọ́mù Orílẹ̀-èdè ní Oníkàn: èyí tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976. Bóyá òun nìkan ni Mẹ̀sí àtijọ́ ní Èkó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ṣe, nítorí ihò ọta ara rẹ̀ gan-an ni ìtàn tó wà níbẹ̀ láti sọ.

Irú Mercedes méjì ló ṣe pàtàkì jù fún ohun tó tẹ̀ lé e. W123 ni ilé iṣẹ́ Daimler-Benz ń ṣe láti ọdún 1976 sí nǹkan bí 1986. W124, tí àwọn ará Èkó ń pè ní V-boot nítorí ìrísí búùtù rẹ̀, jáde ní ìparí ọdún 1984, wọ́n sì ń ṣe é títí di àárín àwọn ọdún 1990. Ọkọ̀ tó le ni méjèèjì. Líle wọn ló jẹ́ kí wọ́n pẹ́ ju àwọn tó kọ́kọ́ rà wọ́n lọ.

Nígbà tí náírà ṣubú

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986 ni ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ owó tuntun. Dọ́là Amẹ́ríkà kan, tí kò tó náírà 2 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, lé ní náírà 4 nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tà á nínú ọjà yìí. Ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba tó ti fi ẹ̀yáwó ra ọkọ̀ tuntun kò lè pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ní láti máa lo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí owó dírẹ́bà náà sì di ìṣòro, ó dìde lórí àga ẹ̀yìn, ó wá síwájú.

Ìgbà yìí náà ni tòkunbọ̀ gbòde. Tòkunbọ̀ ni orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n gbé wálé. Ó wá di orúkọ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò ní Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù kí ó tó gba èbúté Àpápá tàbí Kútọnu wọlé. Àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù tó ń bá a wọlé gba orúkọ tiwọn: Belgium ni wọ́n ń pè wọ́n, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Báyìí ni Mẹ̀sí ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò sẹ́ni tó rò pé wọ́n lè ní in, bí olùkọ́, pásítọ̀, àtàwọn tó ń ta tòmátò àti àlùbọ́sà ní ọjà Máìlì 12.

Kókó kan wà níbí tí àwọn òpìtàn tòkunbọ̀ kì í sábà dúró lé lórí. Owó tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì a máa wálẹ̀ bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ sókè, ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú rẹ̀ kì í bá a wálẹ̀. V-boot ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè dín owó ju Toyota kékeré lọ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Lọ́jọ́ tí páǹpù epo rẹ̀ bá kú, ọkọ̀ olówó ni ó ṣì jẹ́. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù olùkọ́ ti ra àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì yẹn mọ́ ọn. Ìmọ̀ àti ọwọ́ ara rẹ̀ ló kù tí ó lè fi dí i.

Owódé Onírin

Ọ̀nà Ìkòròdú ló so ìtàn yìí mọ́ Kòsọ́fẹ́. Ó gba Òjótà kọjá, ó wọ Kétu, ó dé Máìlì 12 tó ń jẹ́ orúkọ àwọn tó fi máìlì ka ọ̀nà, kí ó tó dé Owódé Onírin. Orúkọ ọjà yìí ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: irin tuntun fún àwọn akọ́lé, irin àtijọ́ fún àwọn tó ń yọ́ ọ, àti ẹ̀yà ọkọ̀ láàárín méjèèjì. Ládìpọ̀ ní Múṣin ló gbajúmọ̀ jù lọ fún ẹ̀yà ọkọ̀ ní Èkó. Àǹfààní Owódé ni pé òpin ọkọ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ àtúnṣe wà lójú kan náà níbẹ̀: ọkọ̀ tí wọ́n ń tú palẹ̀ lápá kan ni wọ́n ti ń mú ohun tí yóò gbé ọkọ̀ mìíràn dìde lápá kejì.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kọ́ ọ lọ́nà tí Archibald Callaway ṣàlàyé nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní ọdún 1964: ọmọṣẹ́ á wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, ojú ni yóò fi kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò gba òmìnira. Sara Berry, nínú ìwé rẹ̀ ti 1985, Fathers Work for Their Sons, fi hàn bí àwọn ọmọ àgbẹ̀ kòkó ṣe wọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀. Àwọn mìíràn ti kọ̀wé lórí Ògún àti àwọn oníṣẹ́ irin, pàápàá nínú àkójọ Africa's Ogun tí Sandra Barnes ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1989. Ìwé náà wúlò, ṣùgbọ́n ó jọ pé àwọn onímọ̀ ti yára sá tọ òrìṣà lọ ju bó ṣe yẹ. Ìṣòro tó wà níwájú mẹkáníìkì Kétu ní ọdún 1990 kò ju pé ara Peugeot 504 àti Volkswagen ni ó ti kọ́ṣẹ́, wọ́n sì gbé ọkọ̀ tí kò ní kábúrétọ̀ wá fún un.

Ẹ́ńjìnì 230E inú W123 ń lo ètò Bosch tí wọ́n ń pè ní K-Jetronic. Pẹpẹ kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà máa ń gbé sókè. Bí pẹpẹ náà bá ti gòkè tó ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣe máa pín epo sí ojú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ètò náà kò fẹ́ ìdọ̀tí rárá. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n, tí àwọn ènìyàn ń rà á nínú jálá àti kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, omi àti ìpẹtà bá epo wọ inú ọ̀pá náà, ó sì há. Ẹ̀yà tuntun kò ṣeé rà. Àwọn mẹkáníìkì kan tú ètò náà kúrò pátápátá, wọ́n sì gbé kábúrétọ̀ ọkọ̀ mìíràn lé e. Ọkọ̀ rìn. Ó jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì jí dáadáa láàárọ̀, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ èyíkéyìí lójú títì lè tún un ṣe. Kọ̀nfáàtì ni orúkọ tí wọ́n fún irú àtúnṣe yìí, mánéèjì sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tu olówó ọkọ̀ nínú.

Kì í ṣe gbogbo mánéèjì ló lọ́gbọ́n nínú. Yíyọ tàmósítààtì dànù ni ó burú jù. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tí tàmósítààtì ń ṣe ni pé ó ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnì títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 87 Sẹ́lísíọ̀sì, kí ó tó jẹ́ kí omi náà lọ sí rédíétọ̀. Oòrùn Èkó kò dé ìdajì ìwọ̀n yẹn. Ẹ́ńjìnì tí kò bá gbóná dé ibi tó yẹ á máa jẹ epo lójẹkújẹ, á sì tètè jẹ ara rẹ̀. Ohun tó ń mú ọkọ̀ gbóná jù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òjótà sábà máa ń jẹ́ rédíétọ̀ tó ti dí nítorí omi kànga tí wọ́n ń dà sí i, tàbí fáànù tí kò yí tó mọ́. Àìsàn wà lẹ́sẹ̀, wọ́n gé ọwọ́.

Ohun tí "fúnra ẹni" túmọ̀ sí

Irú àṣìṣe yìí ló sọ ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ di akẹ́kọ̀ọ́. Ní Britain, àwọn ìwé Haynes, tí ilé iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ni ẹni tó fẹ́ tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn a tú ọkọ̀ kan palẹ̀ pátápátá, wọn a tò ó padà, wọn a sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé Èkó pẹ̀lú àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ṣùgbọ́n gàráàjì tí ìwé náà kà mọ́ ilé kò sí nínú ilé fésì-mí-n-fésì-ọ́ ní Kétu. Iwájú ilé ni wọ́n ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, lójú gbogbo ènìyàn; kò sì sí ẹni tó ń kọjá tí kì í dúró sọ ohun tó rò pé ó ń ṣe ọkọ̀ náà.

Nítorí náà, àtúnṣe fúnra ẹni níbí kò túmọ̀ sí àtúnṣe ní òun nìkan. Ohun mẹ́ta ló sábà wà nínú rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé èlé lé e; yóò mú ògbólógbòó dání lọ sí Owódé, kí ó lè fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé èyí tí wọ́n bá mú jáde. Òun ni yóò máa pààrọ̀ ọ́ìlì, plọ́ọ̀gì, àsẹ́ epo àti páàdì búrẹ́kì. Bí iṣẹ́ bá sì ju agbára rẹ̀ lọ, yóò dúró ti mẹkáníìkì tàbí ríwáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdúró yìí ní ìwà tirẹ̀. Ọlọ́kọ̀ kì í bá ọ̀gá wí níwájú ọmọṣẹ́, bí ó bá rí àṣìṣe, ìbéèrè ni yóò fi sọ ọ́: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bóòtù kan tó kù ńlẹ̀ yìí ńkọ́?" Ọ̀gá náà á dáhùn pé, "Mo ti rí i, Dádì," yóò sì mú un. Àwọn obìnrin ọlọ́kọ̀ ni ìdúró yìí ṣòro fún jù, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kì í ka ìbéèrè wọn sí. Ẹgbẹ́ Lady Mechanic Initiative, tí Sandra Aguebor dá sílẹ̀ ní ọdún 2004 láti kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ mẹkáníìkì, jẹ́ ìdáhùn kan sí i.

Ọyẹ́ lọ

Bí òtútù ṣe kúrò nínú Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Èkó nìkan. Gáàsì R12 ni amúlétutù àwọn W123 àti àwọn W124 àkọ́kọ́ ń lò. Ní 1987 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti fòpin sí irú gáàsì bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ń ba ìpele ozone jẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó dáwọ́ ṣíṣe é dúró ní 1996, wọ́n sì fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà títí di 2010. Gáàsì R134a ló rọ́pò rẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ́ìlì tó ń bá R12 rìn kì í pò mọ́ R134a. Ẹni tó bá kàn rọ gáàsì tuntun sínú ètò àtijọ́, láìfọ ọ́ìlì dànù, láìpààrọ̀ àwọn rọ́bà ojú ìsopọ̀, yóò gbádùn òtútù fún ìgbà díẹ̀; lẹ́yìn náà ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí ọ́ìlì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ yóò lọ ara rẹ̀ di ìyẹ̀fun irin. Ọ̀pọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ V-boot ló kú báyìí, tí wọ́n sì ra Belgium rọ́pò wọn láìfọ ìyẹ̀fun náà kúrò nínú páìpù. Ìyẹn náà á tún kú.

Èyí tó le jù lára V-boot ni ẹ̀yà tó ń mú atẹ́gùn tutù nínú ọkọ̀ gan-an, nítorí ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi í sí. Láti pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n gbọ́dọ̀ tú jáde, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ sukúrúù àti kílíìpù tí ọjọ́ orí ti sọ di ẹlẹgẹ́. Ó ṣòro kí wọ́n tò ó padà kí ó má dún. Ọlọ́kọ̀ tó bá sì fẹ́ kí Mẹ̀sí rẹ̀ tún di ọlọ́yẹ́ ní láti gbà kí ó má fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ayọ́kẹ́lẹ́ mọ́: dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ké wínníwínní lórí gbogbo kòtò láti Alápẹ̀rẹ̀ dé Ìkòsì. Ọ̀pọ̀ ló ti ro ó títí, tí wọ́n sì yí gíláàsì wálẹ̀.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ náà ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé wọn. Mercedes W220, tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2005, kò jókòó lórí sípírìǹgì. Àpò rọ́bà tí atẹ́gùn kún inú rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kékeré kan ń fẹ́. Nígbà tí rọ́bà náà bá sán, atẹ́gùn á máa jò lóru, ọlọ́kọ̀ á sì jí bá ọkọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ bíi màlúù tó kúnlẹ̀. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi jóná. Àpò mẹ́rin àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kan lè sún mọ́ iye ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Sípírìǹgì irin ni ìdáhùn tó wọ́pọ̀: wọ́n á yọ àpò, wọ́n á kọ̀nfáàtì, dáṣíbọ́ọ̀dù á sì máa kìlọ̀ lójoojúmọ́ pé nǹkan sọnù.

Àwọn kan ń pe èyí ní ìbàjẹ́. Ìdájọ́ náà kò tọ́ tán. Ẹni tó kọ̀nfáàtì W220 ní Kétu mọ ohun tó pàdánù. Títì tó ń gbà ló ti kọ́kọ́ dá ẹjọ́ náà. Ibi tí àríwísí ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé wọn kì í kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ti gba ọwọ́ ọlọ́kọ̀ mẹ́ta àti ríwáyà mẹ́rin kò bá ìwé kankan mu mọ́, ẹni karùn-ún sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ní lọ́kàn. Èyí hàn jù lára waya. Ìbora waya ẹ́ńjìnì àwọn W124 tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1993 sí 1995 máa ń rún fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ. Ní Èkó, ríwáyà á tú u, á sì fi waya tó bá rí dípò rẹ̀, pupa níbi tó yẹ kí búráwùn wà. Ó mọ ọ́n lórí. Ọjọ́ tó bá kó kúrò ní Ìkòsì, ó gbé àwòrán ọkọ̀ náà lọ.

Ní agbègbè tí odò Ògùn ti máa ń kún, tí omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán ti máa ń wọ Ajégúnlẹ̀ àti àyíká Owódé, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2010, waya tí kò ní àwòrán lè jẹ́ òpin ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà kéékèèké inú ọkọ̀ ìgbàlódé, tí àwọn mìíràn nínú wọn wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kò lè yè é. W123 tó ń lo kábúrétọ̀ lè gbẹ kí ó sì jí. Ní ọ̀ràn yìí nìkan ṣoṣo, kọ̀nfáàtì ló borí.

Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè ilẹ̀ wọlé, èyí tó di ọ̀nà Kútọnu pa lábẹ́ òfin. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo tí kò tó náírà 200 ti sún mọ́ 500. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà láti díye lé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1986 tún ṣẹlẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ẹ́ńjìnì tó ń jẹ epo lójẹkújẹ ni ìyà rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ọkọ̀ tí àtúnṣe olówó pọ́ọ́kú ti sọ di ajẹpo ni àwọn tó ni wọ́n kọ́kọ́ pa tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń ra irú wọn ní Owódé Onírin. Kí wọ́n tó gbé e lé òṣùwọ̀n, wọ́n á ti yọ ohun tó bá ṣì ní ọjà: iná iwájú, gíláàsì, rédíétọ̀, ìlẹ̀kùn, àti tàmósítààtì bí ó bá ṣì wà níbẹ̀. Irin tó kù ni ọkọ̀ akẹ́rù ń kó gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin, èyí tí wọ́n ń rọ di ọ̀pá ìkọ́lé. Ní ìsọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ amúlétutù rẹ̀ á wà lórí pẹpẹ, pẹ̀lú àmì ọ̀dà òǹtajà lára, yóò máa dúró de ẹni tó mú ògbólógbòó tirẹ̀ dání wá.